Ta Ló Ń Ti Tápù Afẹ́fẹ́?

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó ń sọdá títì bí ẹni pé títì ń sùn tí kò sì fẹ́ jí i, Jẹ́jẹ́ nìyẹn. Wẹ́dà ni. Ó ní orúkọ gidi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan bi ìyàwó rẹ̀ léèrè orúkọ ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, obìnrin náà ronú títí, ó ní, "Ẹ jẹ́ n pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ná." Bó ṣe ń rìn náà ló ṣe ń sọ̀rọ̀, bó sì ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ṣe ń jó irin pọ̀. Ẹ gbé géètì fún un lónìí, kó tó ṣe é tán, ọmọ tó wà nínú oyún á ti dàgbà tó ẹni tó ń gun géètì náà. Àmọ́ tó bá ti jó irin méjì pọ̀, ó parí nìyẹn. Kí erin méjì máa fà á títí ilẹ̀ fi ṣú, erin ló máa kọ́kọ́ já.

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kángun sí tirẹ̀. Onígbàjámọ̀ ni ọ̀rẹ́ yìí, Fárí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Wọ́n jọ wọ ilé ìwé ni, wọ́n sì jọ sá níbẹ̀ ni. Ohun tí Jẹ́jẹ́ bá fi ọ̀sẹ̀ kan rò, Fárí á ti ṣe é, á ti bà á jẹ́, á sì ti máa fi í rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ràn àwàdà ju oúnjẹ lọ. Ó fá apá kan irùngbọ̀n oníbàárà kan rí, ó ní òun fẹ́ lọ jẹun, kí ọkùnrin náà jókòó de òun. Ọkùnrin náà jókòó títí oòrùn fi yí, torí pé kò lè gbé irú ojú bẹ́ẹ̀ jáde síta.

Fárí yìí náà ló gbé ọ̀rọ̀ òkun dé. Ó ń fá ẹ̀yìn ọrùn Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ nígbà náà.

"Jẹ́jẹ́, láti ìgbà tí a ti dáyé, òkè omi là ń wò. Ta ló sọ fún wa pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò dára ju òkè lọ?"

"Ṣé mo bi ẹ́ ni?"

"O ò tiẹ̀ ní láti bi mí. Ọmọ oníbàárà mi kan ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń gbé afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn wọ inú òkun. Ọjọ́ mẹ́ta ni, nínú ọkọ̀ ojú omi. Tó o bá yege, wọ́n á fún ẹ ní káàdì. Mo ti fi orúkọ ẹ sílẹ̀."

"Orúkọ mi wo?"

"Jẹ́jẹ́ náà ni. Ọmọbìnrin náà ní orúkọ gidi nìyẹn fún ẹni tó ń lọ sábẹ́ omi."

Nígbà tí ìyàwó Jẹ́jẹ́ gbọ́, ó jókòó sílẹ̀ kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa. "Ẹni tí omi ìwẹ̀ ń dẹ́rù bà! Ẹni tó ń fi ife bu omi sára bí ẹni ń lo oògùn! Òun ló ń lọ sínú òkun!" Jẹ́jẹ́ ń bá ẹrù rẹ̀ dídì lọ. Òun náà kò mọ ìdí tó fi ń lọ. Ohun kan ṣoṣo tó dá a lójú ni pé Fárí ń lọ, kò sì tíì sí ibi tí Fárí lọ rí tí òun kò bá a lọ, títí dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Adájọ́ ló ṣe ẹnì kẹta wọn. Awakọ̀ akẹ́rù tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wọ ilé ẹjọ́ rí, ìgbà tí wọ́n mú un fún eré àsápajúdé, àmọ́ kò sí ìjà kan ládùúgbò tí kì í dá. Bí ọkọ̀ wọn ṣe kúrò ní èbúté báyìí ni Adájọ́ gbá ike kan mọ́ àyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí bì. Bó ṣe wà nìyẹn fún ọjọ́ mẹ́ta, òun àti ike, bí abiyamọ àti ọmọ tuntun.

Ọkọ̀ náà kò tóbi. Funfun ni wọ́n kùn ún, wọ́n ta tapólì bò ó lórí. Bẹ́ǹṣì onípákó gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì to àwọn sìlíńdà afẹ́fẹ́ sí ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì náà, wọ́n fi okùn rọ́bà dè wọ́n kí wọ́n má baà yí ṣubú. Òkun ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi tí wọ́n fẹ́ fi wẹ̀ fún ìkókó, ó sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn fi lè dúró lókè ka eyín ẹja nísàlẹ̀.

Ọmọbìnrin tó ń kọ́ wọn, Tíṣà ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ da Jẹ́jẹ́ lọ́kàn rú. Ọmọ náà kò ju àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ náà ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Ṣé kó bọ̀wọ̀ fún un ni, àbí kó pàṣẹ fún un? Ó wá ń da méjèèjì pọ̀: "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ mà. Ìwọ ọmọ yìí, ẹ má jẹ́ kí n kú o."

"Bàbá, ẹ ò ní kú," Tíṣà á ní. "Ẹnu ni kẹ́ ẹ fi máa mí, kì í ṣe imú. Ẹ má sé èémí yín mọ́lẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá gbé àtàǹpàkò sókè, ẹ ò sọ pé ó dáa o, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ gòkè ni. Tó bá dáa, ẹ fi ìka yín ṣe òdo. Kò sì sẹ́ni tó ń dá wọ òkun. Méjì méjì ni. Ẹ̀yin àti Bàbá Fárí, ojú yín ò gbọ́dọ̀ kúrò lára ara yín."

Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni Jẹ́jẹ́ ń kà sínú bí ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Nígbà tó fi máa wọ bàtà pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n kó fún un, imú ló ti kù tó fi ń mí, ó sì ti sé èémí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ibi tí omi ò ti kọjá àyà ni wọ́n wà. Tíṣà ti ṣí tápù sìlíńdà gbogbo wọn, ó ti wo aago tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe kún tó. Fárí ti bẹ́ sínú omi kí wọ́n tó ní kó wọlé. Jẹ́jẹ́ ki rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde bọ ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki orí bọ omi. Ó fa afẹ́fẹ́, ó wọlé. Ó tún fà á, ó tún wọlé. Inú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn nígbà tó fa ìkẹta, ó wá dà bí ẹni pé ògiri ló ń fà mu. Kò sí nǹkan kan. Ó fò dìde, omi ń jáde ní ihò imú rẹ̀ méjèèjì.

"Afẹ́fẹ́ mi ti tán!"

"Ó ti tán báwo?" Fárí bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé o jẹ ẹ́ ni?"

Tíṣà na ọwọ́ sẹ́yìn Jẹ́jẹ́, ó fọwọ́ kan tápù. Títì ló wà. Afẹ́fẹ́ tó kù nínú rọ́bà ni Jẹ́jẹ́ fà tán. Tíṣà tún un ṣí, ó dúró, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo ṣí i tẹ́lẹ̀," ló ní, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Àbí mi ò ṣí i?"

Ọjọ́ náà kò bàjẹ́ ṣá. Jẹ́jẹ́ rí abẹ́ omi. Ó rí òkúta tó yọ ẹ̀ka bí igi, ó rí koríko tó ń jó láìsí ìlù. Ẹja kan tó wọ aláràbarà wá dúró síwájú rẹ̀, ó wò ó látòkè délẹ̀, ó mi orí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ ń ròyìn rẹ̀ fún Adájọ́, ẹja náà tó ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Fárí ní kò ju bàtà ọmọdé lọ. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ó wà láàárín.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Wọ́n lọ síbi tí ẹsẹ̀ ò ti lè kan ilẹ̀, Tíṣà so okùn mọ́ ọkọ̀ kí wọ́n máa dì í mú sọ̀kalẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú gbogbo wọn ló ṣe ṣí tápù. "Ẹ wò ó o. Mo ti ṣí i. Gbogbo yín ṣe ẹlẹ́rìí." Adájọ́ gbé orí kúrò nínú ike, ó ní òun rí i, ó tún dá orí padà.

Jẹ́jẹ́ di okùn mú, ó lọ sísàlẹ̀ díẹ̀. Etí rẹ̀ ń dún ṣìì. Kò mọ̀ bóyá òun ń lọ ni àbí òun ń bọ̀, torí òkè àti ilẹ̀ ti di àwọ̀ kan náà. Ó fà á, ó wọlé. Ó tún fà á, ògiri. Ó gbàgbé òdo, ó gbàgbé àtàǹpàkò, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló nà sókè. Tíṣà gbá a mú, ó tún tápù náà ṣí, ó sì gbé e gòkè. Nígbà tí wọ́n fi máa fà á sínú ọkọ̀, ó ti mu iyọ̀ tó lè se oúnjẹ odidi òpópónà, bẹ́líìtì òjé tí wọ́n so mọ́ ìdí rẹ̀ kó lè rì sì ti já bọ́ sínú òkun.

Tíṣà ti bọ́ sìlíńdà tirẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì kó lè tọ́jú Jẹ́jẹ́. Nígbà tí ara Jẹ́jẹ́ balẹ̀, Tíṣà gbé e kọ́ ẹ̀yìn padà kó lè lọ wá bẹ́líìtì náà. Ó ki rọ́bà bọ ẹnu, ó fà á díẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn.

Tápù tirẹ̀ náà ti wà ní títì.

Gbogbo wọn yíjú sí tápù náà. Adájọ́ pàápàá dáwọ́ èébì dúró.

"Ẹnì kan nínú ọkọ̀ yìí," Tíṣà rọra sọ ọ́, "ló ń ti tápù."

Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí rò ó. Ti Jẹ́jẹ́ ti tán lẹ́ẹ̀mejì. Ti Tíṣà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ta ni tirẹ̀ kò tán rí? Ojú gbogbo wọn pa pọ̀ sára Fárí. Fárí wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe rárá: ó rẹ́rìn-ín.

"Ilé ẹjọ́ ti gbọ́ ẹ̀rín," Adájọ́ ní. "Ilé ẹjọ́ rántí irùngbọ̀n. Ó jẹ̀bi."

"Irùngbọ̀n wo? Adájọ́, orí ẹ pé? Kí ni màá fi tápù òkun ṣe?"

"Bàbá Fárí," Tíṣà ní, ohùn rẹ̀ kò gba eré, "èèyàn lè kú sí irú àwàdà yìí. Ẹ máa bínú sí mi. Láàárọ̀ ọ̀la, a máa yà ní èbúté, ẹ máa sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀. Èmi ni màá mú Bàbá Jẹ́jẹ́ wọ omi."

Fárí kò wo Tíṣà. Jẹ́jẹ́ ló ń wò. "Jẹ́jẹ́, sọ fún wọn. Àìmọye ìgbà lo ti fi ọrùn sábẹ́ abẹ mi, tó o sun lọ tó o ń hanrun. Ṣé mo gé ẹ rí?"

Jẹ́jẹ́ fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ bá mi wo ìdààmú tó wà lórí ọkùnrin yìí. Ọkàn rẹ̀ kan ní Fárí kò lè ṣe é. Ọkàn kejì ní, ta wá ni? Tíṣà kò lè ti ti ara rẹ̀. Adájọ́ kò kúrò nídìí ike. Atukọ̀ wà lókè lọ́hùn-ún, ẹ̀yìn ló kọ sí wọn. Ṣé ẹja ló gòkè wá tì í ni? Ó ṣì ń rò ó lọ ní tirẹ̀, jẹ́jẹ́, nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ náà ti pọ̀ jù.

Fárí mi orí. "Ó dáa. Tí mo bá ti lè sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yìí, èmi àti ẹ ò mọ ara wa mọ́. Wá onígbàjámọ̀ mìíràn."

Kò ṣàwàdà. Jẹ́jẹ́ wo ojú rẹ̀ dáadáa bóyá ẹ̀rín wà níbì kan níbẹ̀, kò rí i.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ kọrí sí èbúté. Fárí ti di báàgì rẹ̀, ó jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì, ó kọjú sí omi. Tíṣà ti to àwọn sìlíńdà, ó ti ṣí wọn, ó ti yẹ̀ wọ́n wò, torí pé bí Fárí bá ti sọ̀kalẹ̀ báyìí, inú omi tààrà ló kù. Ilé èbúté ti ń hàn lọ́ọ̀ọ́kán. Jẹ́jẹ́ ń wò ó bó ṣe ń súnmọ́ tòsí. Ó rí i pé bí òun kò bá sọ nǹkan kan báyìí, òun kò tún ní sọ ọ́ mọ́. Ó dìde, ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì, ó ń sọ̀rọ̀ bọ̀.

"Fárí, jẹ́ kó yé mi. Kí ni mo fi ṣe ẹ́? Tó bá jẹ́ eré lò ń ṣe, sọ pé eré ni, kí n mọ ibi tí màá gbé e gbà..."

Fárí yíjú padà láti fún un lésì tó gbóná. Ẹnu rẹ̀ là, kò sì pa á dé. Ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún Jẹ́jẹ́.

"Máa sọ̀rọ̀ ẹ lọ," ló ní, jẹ́jẹ́.

"...torí mi ò sùn. Mo rò ó títí. Ẹni tó bá ń ti tápù mọ́ ọmọnìkejì rẹ̀ nínú omi, irú ọkàn wo ló ní?"

"Ìbéèrè gidi nìyẹn. Máa bá a lọ, ọ̀rẹ́ mi. Tíṣà, ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀. Adájọ́, gbé orí sókè."

"Ṣé ojú kì í tì í ni? Ṣé kò..." Jẹ́jẹ́ rí i pé gbogbo wọn ti ń wo ibì kan náà. Òun náà wolẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí tápù sìlíńdà kan, ó ń yí i. Ó ti ti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ó ti ti èyí tó tún ṣáájú ìyẹn.

Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ará ilé ẹlòmíràn ni.

"Ọwọ́ ta nìyí?" Fárí bi í.

Àṣé ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló ti kọ́ ọwọ́ náà láti ìgbà tó wà lọ́mọ iṣẹ́. Gáàsì tí wọ́n bá fi sílẹ̀ ní ṣíṣí nínú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà lè gbé ilé lọ, nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá kọjá lára sìlíńdà tó dá dúró gbọ́dọ̀ tì í. Kò gbọ́dọ̀ béèrè, kò gbọ́dọ̀ rò ó. Ọ̀gá náà fi ìfọ́tí kọ́ ọ títí kò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ orí mọ́, ó di ọ̀rọ̀ ọwọ́. Ti Fárí kò tán rí torí pé Fárí kò ní sùúrù. Bí Tíṣà bá ti ṣí i báyìí, sìlíńdà ti gun ẹ̀yìn Fárí. Àwọn tó dá dúró nídìí bẹ́ǹṣì ni ọwọ́ Jẹ́jẹ́ ń bá ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni nǹkan mìíràn tún ti yé e: ìdí tí iná fi máa ń kú lábẹ́ ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀, tí obìnrin náà sì ti bá gbogbo àwọn tó ń ta gáàsì ládùúgbò jà.

Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀ láàárín àwọn bàtà pẹ́pẹ́yẹ. "Fárí, èmi ni. Mi ò mọ̀ pé èmi ni."

"Ilé ẹjọ́ gba ẹjọ́ rẹ̀ padà," Adájọ́ ní. "Ilé ẹjọ́ tọrọ àforíjì. Ẹ yà kúrò lọ́nà, ilé ẹjọ́ fẹ́ bì."

Ẹ̀ ń retí kí Fárí rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ ẹ ò dùn mí," ló ní. "Ọwọ́ ò mọ nǹkan kan. Ẹnu ẹ tó dákẹ́ lánàá ló dùn mí."

Jẹ́jẹ́ wo ọwọ́ rẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Tíṣà, ẹ mú òun lọ. Èmi á dúró ti Adájọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ yìí súnmọ́ nǹkan kan mọ́." Ó sì jókòó lé ọwọ́ ọ̀tún náà mọ́lẹ̀.

Tíṣà ní kí atukọ̀ yí ọkọ̀ padà. Ó tún tápù ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kù díẹ̀ kó ṣí ti Fárí, Fárí gbé sìlíńdà rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀, ní títì, ó rìn kọjá lára Tíṣà, ó wá dúró síwájú Jẹ́jẹ́, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i.

"Ṣí i fún mi."

"Èmi kẹ̀?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n..." Tíṣà bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Òun ni mo pè."

Jẹ́jẹ́ fa ọwọ́ yọ lábẹ́ ìdí. Ó ti kú tipiri. Ó gbé e lé tápù náà, ó sì gbàgbé ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń yí i sí, òun tó ti ń yí tápù láti ìgbà tí kò tíì hu irùngbọ̀n! Ó yí i. Afẹ́fẹ́ dún fìn-ín. Ọwọ́ náà kò fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ó ń wù ú kó yí i padà, bí ìgbà tí nǹkan bá ń yún èèyàn. Jẹ́jẹ́ fi ọwọ́ òsì fà á kúrò, ó sì ki í bọ abíyá. Tíṣà wò ó, ó wo tápù, ó fà á wò, ó mi orí.

"Ó ṣí," ló ní. "Bàbá Jẹ́jẹ́, ẹ gbé tiyín."

Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe wọ omi nìyẹn. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ títí dórí yanrìn. Wọ́n ní abẹ́ omi ibẹ̀ lẹ́wà lọ́jọ́ náà ju ibikíbi lọ. Wọ́n ní ìjàpá òkun kan tó gbó ju ìlú lọ wá kí wọn. Wọ́n ní ẹja wọ́ kọjá lórí wọn bí ọmọ iléèwé tó jáde. Tíṣà juwọ́ sí Jẹ́jẹ́ kó bọ́ awò ojú kó tún un wọ̀, torí ìdánwò rẹ̀ nìyẹn. Jẹ́jẹ́ kò rí i. Ó tún juwọ́. Kò rí i. Ojú Jẹ́jẹ́ kò kúrò lórí ìfóófòó omi tó ń jáde lẹ́nu Fárí. Bí ọ̀wọ́ kan bá ti gòkè, á sé èémí títí òmíràn á fi jáde. Bí òmíràn bá jáde, òun náà á mí.

Nígbà tí wọ́n yọrí, Tíṣà bọ́ rọ́bà lẹ́nu. "Bàbá Fárí, ẹ yege. Bàbá Jẹ́jẹ́, ẹ má bínú, ẹ ò ṣe nǹkan kan tí mo ní kẹ́ ẹ ṣe. Mi ò lè fún yín ní káàdì."

"Ó dáa, Tíṣà," Jẹ́jẹ́ ní. Ó ń wúkọ́.

"O rí ìjàpá yẹn?" Fárí bi í.

"Ìjàpá wo?"

"Èyí tó kọjá níwájú ẹ gan-an! Kí lò ń wò?"

"Ẹnu ẹ."

Fárí bu omi òkun lọ́wọ́ méjèèjì, ó dà á sí Jẹ́jẹ́ lójú gbàà, ó sì yíjú sí Tíṣà.

"Ìgbà wo la tún lè padà wá?"

"Bàbá, ẹ̀yin ti yege. Òun nìkan ló máa padà."

"Mo gbọ́ yín. Ìgbà wo la ń bọ̀?"

Jẹ́jẹ́ ń nu ojú, ó ń wo ọ̀kan, ó ń wo èkejì. Omi tí wọ́n dà sí i lójú yẹn, ṣé ti ìbínú ni àbí ti ìdáríjì? Kò yé e. Ó lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀lé Fárí padà sínú ọkọ̀, jẹ́jẹ́, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lábẹ́ abíyá, ọwọ́ òsì nìkan ló fi ń tu omi, ó sì ń yí pòòyì bí ewé.